Owó Oúnjẹ ní Ilẹ̀ Swídìn, àti Ẹni tí Ń Gbé E Kalẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí ó jókòó sí ilé baba rẹ̀; ó sì tún jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ àjèjì, níbi tí kò sí ìyá tàbí àbúrò tí yóò bu oúnjẹ pamọ́ dè é. Ní ìsinsìnyí tí àwọn ọmọ wa ń kọjá òkun lọ sí ìhà àríwá Yúróòpù, tí àwọn kan ń wọ Yunifásítì Uppsala tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1477, tí àwọn mìíràn ń wọ ti Lund tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1666, tí àwọn òbí pẹ̀lú sì ń lọ bẹ̀ wọ́n wò, ó tọ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bí àlejò ṣe ń jẹun ní àwọn ilé oúnjẹ ilẹ̀ Swídìn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Láti ọdún 2011 ni ilẹ̀ náà ti ń gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti òde Yúróòpù wá. Nígbà tí a bá sì ti san èyí tán, owó tí ó kù sí ọwọ́ ọmọ kì í pọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé oúnjẹ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dé, tí ó rí iye tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù lè bà á tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi pinnu láti máa fi búrẹ́dì àti omi gbé ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò lè kàwé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fara da òtútù ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní ilẹ̀ Swídìn, owó oúnjẹ ní àkókò tirẹ̀, ó sì ní ìdí tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ àkókò náà yóò yó. Ẹni tí ó bá sì mọ ìdí rẹ̀ yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán. Láti nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ títí di nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di ọjọ́ Fúráídè, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé oúnjẹ a máa gbé pátákó kan sí ẹnu ọ̀nà, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i lára: Dagens lunch. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀sán ti òní. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ó dárúkọ oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta tí a sè ní ọjọ́ náà. Ó lè jẹ́ ẹja pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó, ó lè jẹ́ ẹran tí a lọ̀ tí a sì ṣù róbótó, ó sì lè jẹ́ oúnjẹ tí kò ní ẹran nínú rárá. Owó kan ṣoṣo ni a ó san, a ó sì rí oúnjẹ náà gbà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tútù, búrẹ́dì àti bọ́tà, ohun mímu, àti ife kọfí kan ní ìgbẹ̀yìn. Ní àwọn ìlú ńlá, owó yìí sábà máa ń wà láàrin 120 sí 160 kronor ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ilé kan náà àti alásè kan náà lè béèrè ohun tí ó lé ní 200 kronor fún àwo oúnjẹ kan péré, láìka ohun mímu àti kọfí mọ́ ọn.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Kì í ṣe pé ẹran alẹ́ sàn jù ẹran ọ̀sán lọ. Ìdí rẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn. Ní ọ̀sán, ìkòkò ńlá ni a fi se oúnjẹ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oníbàárà ni yóò sanwó lẹ́nu ọ̀nà, òun ni yóò mú àwo pẹrẹsẹ, tí yóò bu ẹ̀fọ́ rẹ̀, tí yóò rọ omi rẹ̀, tí yóò wá ibi ìjókòó fún ara rẹ̀, tí yóò sì dìde lọ bu kọfí rẹ̀. Nígbà tí ó bá jẹun tán, òun kan náà ni yóò kó àwo lọ sí ibi tí a ń kó o sí. Bí ó bá fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, àwọn tí ó jókòó nítòsí yóò wò ó lójú pé kò mọ ìwà hù. Ní alẹ́, ẹlòmíràn ni yóò ṣe gbogbo èyí fún un. Ẹnì kan yóò fi ibi ìjókòó hàn án, yóò gbé ìwé orúkọ oúnjẹ wá, yóò gbé oúnjẹ kalẹ̀, yóò padà wá béèrè bí ó ti dùn sí, yóò sì palẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ni èyí, owó iṣẹ́ náà sì ń bẹ nínú owó oúnjẹ.

Ní ilẹ̀ Swídìn, ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún ni kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Kò sí òfin ìjọba kan tí ó sọ iye tí ó kéré jù lọ tí a gbọ́dọ̀ san fún òṣìṣẹ́. Àdéhùn ni ó ń ṣe iṣẹ́ òfin náà. Láti ọdún 1918 ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura àti ilé oúnjẹ ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn agbanisíṣẹ́ sì ní ẹgbẹ́ tiwọn. Àwọn méjèèjì a máa jókòó, wọn a sì fohùn ṣọ̀kan lórí owó iṣẹ́, wákàtí iṣẹ́, àti owó àfikún fún iṣẹ́ alẹ́. Ní ọdún 1938 ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́ ilẹ̀ náà ṣe àdéhùn ńlá kan ní Saltsjöbaden, lẹ́bàá Stockholm, tí ó fi ọ̀nà irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Òfin sì ti fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọọdún láti ọdún 1978 wá.

Kò tán síbẹ̀. Lórí gbogbo 100 kronor tí agbanisíṣẹ́ bá san fún òṣìṣẹ́, òfin sábà máa ń béèrè pé kí ó tún san ohun tí ó lé ní 31 kronor fún ìjọba, kí a lè rí owó fún ẹni tí ó ti darúgbó, fún ẹni tí àìsàn dá dúró, àti fún òbí tí ó bímọ tuntun. Láti ọdún 2012 pẹ̀lú ni owó-orí lórí oúnjẹ ilé oúnjẹ ti jẹ́ 12 nínú 100. Inú iye tí a kọ sílẹ̀ ni ó sì ti wà, a kì í fi kún un lẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí àlejò bá ń kùn pé oúnjẹ alẹ́ ti wọ́n jù, kí ó rántí pé ìpín arúgbó àti ìpín aláìsàn wà nínú rẹ̀.

Láti inú èyí ni a ti lè mọ ìdí tí kò fi di dandan láti fún agbáwo ní owó ẹ̀bùn. Ní àwọn ilẹ̀ kan, owó tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ ni òṣìṣẹ́ fi ń jẹun; ní ilẹ̀ Swídìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kì í retí rẹ̀. Ní alẹ́, bí iṣẹ́ náà bá tẹ́ ni lọ́rùn, a lè fi díẹ̀ kún iye náà kí ó lè pé geere; ṣùgbọ́n bí a kò bá fi kún un, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Bákan náà, kí ojú má ṣe ti ẹnikẹ́ni láti béèrè omi ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní kranvatten. Omi náà mọ́, ó tutù, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ a sì máa fi fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá tijú tí ó sì ra omi inú ìgò ti fi owó búrẹ́dì ọjọ́ kejì ṣòfò.

Bí àlejò bá jẹun ọ̀sán ní ọjọ́ Tọ́sídè, yóò ṣe é ní kàyéfì pé oúnjẹ kan náà ni ó ń rí ní ilé púpọ̀: ọbẹ̀ tí a fi ẹ̀wà òyìnbó róbótó aláwọ̀ ìyeyè sè pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tí a sì ń fi músítádì sí, àti páńkéèkì pẹ̀lú èso dídùn tí a sè lẹ́yìn rẹ̀. Àṣà yìí ti pẹ́. Nígbà tí ìjọ ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ Róòmù, ọjọ́ Fúráídè jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ oúnjẹ tí ó gba inú dúró ní ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìjọ náà yípadà sí ti Luther láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ààwẹ̀ náà sì kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kò lọ. Ìtàn tilẹ̀ sọ pé inú irú ọbẹ̀ yìí ni a fi májèlé sí fún Ọba Erik XIV, ẹni tí ó kú sínú ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1577. Nígbà tí a ṣí ibojì rẹ̀ ní ọdún 1958, a bá májèlé arsenic nínú egungun rẹ̀.

Ọjọ́ Tọ́sídè kan náà ni àwọn ọmọ Akadẹ́mì ilẹ̀ Swídìn máa ń jẹun pọ̀ lẹ́yìn ìpàdé wọn, ní ilé oúnjẹ kan tí ń jẹ́ Den Gyldene Freden, ní àárín ìlú àtijọ́ ti Stockholm. Ọdún 1722 ni a ṣí ilé náà. Ayàwòrán Anders Zorn ni ó rà á ní ọdún 1919 kí ó má baà parun, ó sì fi í sílẹ̀ fún Akadẹ́mì. Akadẹ́mì yìí ni ó yan Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, fún ẹ̀bùn Nobel ti ìwé kíkọ ní ọdún 1986. Owó ibẹ̀ ga. Kì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kò burú kí ẹni tí ó bá ń kọjá ní òpópónà náà mọ irú ilé tí ó ń wò.

Oúnjẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ti kàn ká ayé, èyí ni smörgåsbord, tàbí julbord nígbà tí a bá tẹ́ ẹ ní oṣù Kejìlá fún ọdún Kérésìmesì. Tábìlì gígùn ni, a ó sì to oúnjẹ sí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ó sanwó, a ó sì jẹ iye tí ó wù wá. Níbí ni àlejò gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra, kí a má ṣe pè é ní wọ̀bìà. Ètò wà níbẹ̀. A ó kọ́kọ́ mú ẹja ṣáwá tí a rẹ sínú ọtí kíkan àti ṣúgà, pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó. Lẹ́yìn náà a ó mú ẹja mìíràn tí ó tutù. Lẹ́yìn èyí, ẹran tútù. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ gbígbóná. Ní ìkẹyìn, ohun dídùn. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni a ó mú àwo tuntun, díẹ̀díẹ̀ ni a ó sì máa bù ú. Ẹni tí ó bá kó gbogbo rẹ̀ jọ gègèrè sínú àwo kan, tí kò sì lè jẹ ẹ́ tán, ni wọ́n ń fi ojú burúkú wò. Ẹni tí ó padà lọ bu oúnjẹ nígbà márùn-ún kò ṣẹ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé tí ń ka ìwé yìí kì í jẹ ẹ̀jẹ̀, nítorí àṣẹ tí àwọn Àpọ́sítélì kọ ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ. Kí wọ́n mọ̀ nígbà náà pé blod ni ẹ̀jẹ̀ ní èdè Swídìn. Blodpudding jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí a pò pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun, tí a gé pẹlẹbẹ tí a sì dín. Ó dúdú, a sì máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú èso pupa kan tí ń jẹ́ lingon. Ní ìhà gúúsù, ní Skåne, a máa ń fi ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí a ń pè ní gúùsì se ọbẹ̀ dúdú nínú oṣù Kọkànlá. Fläsk sì ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ohun tí kì í jẹ, kí ó béèrè kí ó tó sanwó. Inú kì í bí wọn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí òfin tilẹ̀ ti fi dandan lé e pé kí ilé oúnjẹ lè sọ fún oníbàárà bí ohun tí ń pa àwọn ẹlòmíràn lára bá wà nínú oúnjẹ.

Ní ti ọtí líle, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ará àríwá kò mọ ohun mìíràn. Ìtàn wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó kọ ọtí lágbára púpọ̀ níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi pe gbogbo ìlú láti dìbò ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1922, bóyá kí a fi òfin dá ọtí dúró pátápátá. Nǹkan bí 49 nínú 100 ni ó wí pé kí a dá a dúró, 51 sì kọ̀. Ayàwòrán Albert Engström ya àwòrán kan nígbà náà, tí ó ń wí pé edé odò kò ṣeé jẹ láìsí ọtí. Àwòrán náà lókìkí títí di òní. Láti ọdún 1917 títí di 1955, ìwé kékeré ni a fi ń wọn ọtí fún olúkúlùkù. Ní ilé oúnjẹ, ẹni tí ó bá fẹ́ ọtí gbọ́dọ̀ ra oúnjẹ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan a sì máa ra oúnjẹ tí wọn kò ní jẹ, tí a ó tún gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Títí di òní, ilé ìtajà ìjọba, Systembolaget, ni ó ń ta èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ọtí líle tí a ń gbé lọ sí ilé, kì í sì í ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò yà lẹ́nu bí àlejò bá wí pé òun kì í mu ọtí. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó ṣọ́: ohun mímu tí a fi kún oúnjẹ ọ̀sán lè jẹ́ lättöl, bíà tí kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ọtí lè wà nínú rẹ̀ títí dé 2.25 nínú 100. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kí ó mú omi.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a fi ń sanwó. Ilẹ̀ Swídìn ni ó kọ́kọ́ tẹ owó bébà ní Yúróòpù, ní ọdún 1661. Àwọn kan náà ni ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì lónìí. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ni ó kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé kontantfritt, èyí ni pé a kì í gba owó ọwọ́. Àlejò tí ó kó owó bébà sínú àpò lè dúró níwájú oúnjẹ kí ebi sì máa pa á. Kí olúkúlùkù rí i dájú, kí ó tó kúrò ní ilé, pé káàdì báńkì rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Kí ó sì mọ àwọn ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn máa ń wà ní títì: ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń ṣe Kérésìmesì wọn, àti ọjọ́ Fúráídè tí ó bá bọ́ sí àárín ọjọ́ 19 sí 25 oṣù Kẹfà, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú oṣù Keje pẹ̀lú, àwọn ilé oúnjẹ kan a máa ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ìsinmi tí a ti sọ. Kí a ra oúnjẹ pamọ́ dè wọ́n.

Bí ó bá ṣe pé oúnjẹ alẹ́ nìkan ni ènìyàn lè rí àyè jẹ ní òde, ọ̀nà wà síbẹ̀. Ní Malmö, àwọn tí ó ti Lẹ́bánónì àti Ìráàkì wá ti sọ falafel, ẹ̀wà lílọ̀ tí a dín bí àkàrà tí a sì dì mọ́ inú búrẹ́dì, di oúnjẹ gbogbo ìlú, owó rẹ̀ kò sì ga. Àwọn ará Swídìn fúnra wọn kì í jẹun alẹ́ ní òde lójoojúmọ́. Lójú ọ̀pọ̀ ìdílé, ohun ọjọ́ ọ̀wọ̀ ni. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń gbé oúnjẹ láti ilé lọ sí ibi iṣẹ́, tí wọ́n ń gbé e kaná níbẹ̀. Ní àwọn yunifásítì pẹ̀lú, ibi tí a ti ń gbé oúnjẹ kaná wà, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé ìrẹsì tirẹ̀ wá ṣe yẹ̀yẹ́. Òbí tí ó bá sì kó ọmọ kékeré lọ síbẹ̀, kí ó mọ̀ pé láti ọdún 1997 ni òfin ti fi dandan lé e pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé fún wọn ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Fínlándì, aládùúgbò wọn, ti ń ṣe é fún gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti ọdún 1948.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò kọ èyí láti sọ ilẹ̀ ẹlòmíràn di ọ̀run. Owó alẹ́ wọn le, òtútù wọn sì le. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a mú bọ̀ wá sílé. A máa ń na owó lórí ẹran àti ìrẹsì láìkùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di owó ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jí ní agogo mẹ́rin òru láti dáná, tàbí ti ọmọdékùnrin tí ń gbé àwo, nígbà náà ni a máa ń dúnàá dúrà, bí ẹni pé ọwọ́ wọn kò sí nínú adùn oúnjẹ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí oúnjẹ pọ́ ọ lówó díẹ̀, kí ó bu oúnjẹ fún ara rẹ̀, kí ó sì kó àwo rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀sán. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí a gbé e kalẹ̀ fún òun, kí ó san owó ẹni tí ó gbé e.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ kan tí a ń kọ́ wọn láti kékeré, kí wọ́n máa sọ ọ́ fún ẹni tí ó se oúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń dìde nídìí tábìlì: Tack för maten, a dúpẹ́ oúnjẹ. Àwọn ìyá wa náà kọ́ wa ní irú rẹ̀. Kí ọmọ tí ń rìnrìn-àjò mú un dání. Gbogbo ilé ìdáná ni ó ti wúlò.